Egungun Ẹtu Mẹ́fà

Bí ẹ bá wọ yàrá ìṣèwádìí tí Morọ́láyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Benin, egungun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Egungun wà nínú agolo mílíìkì, ó wà nínú àpò ìrẹsì, ó wà lórí àga tó yẹ kí àlejò jókòó lé. Ọdún mọ́kànlá ni ọmọ Ìkàrẹ́ yìí fi ń fọ̀ wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ ìdọ̀tí wọn kúrò, á wá kọ orúkọ àti nọ́ńbà sára agolo wọn, á tò wọ́n jọ bí ẹni ń to abọ́ ilé. Bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an, á ní, "Mo máa ń bi òkú ẹran léèrè ohun tó jẹ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ.

Ohun tí ẹranko ń jẹ ló ń di egungun rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ewé igi, iṣu àti ẹ̀gẹ́ fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tó wà nínú koríko ọ̀dàn lọ, àgbàdo àti ìrèké sì bá koríko ṣe ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ náà kéré gan-an, àmọ́ ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tó lè wọ̀n ọ́n, kódà bí ẹran náà bá ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ohun tí Dókítà Olúkúnlé, ọ̀gá Morọ́láyọ̀, ń wá nìyẹn. Wọ́n ti hú egungun jáde nínú kòtò àtijọ́ kan lẹ́yìn àdúgbò Ogida. Ṣé igbó ló yí àwọn tó da egungun náà síbẹ̀ ká ni, àbí wọ́n ti ṣán igbó di ọ̀dàn? Bí ẹtu àti ewúrẹ́ inú kòtò náà bá jẹ ewé, igbó ni. Bó bá jẹ́ koríko ni wọ́n jẹ, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọrùn Morọ́láyọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ fífọ̀ àti títò yìí ti wà kí Kíkẹ́lọmọ tó dé ní 1986 láti wá ka ìwé fún oyè kejì. Ká ní ọ̀lẹ ni Kíkẹ́lọmọ, ara ì bá tu Morọ́láyọ̀. Ká ní aláfojúdi ni, ì bá tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, á pè é ní Àǹtí, á sì gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ òun ni Dókítà máa ń pè wọ ọ́fíìsì. Òun ló máa ń na ìwé sí, tí á ní, "Kí lo rò sí i?" Fún ọdún mọ́kànlá, ọkùnrin yẹn ò bi Morọ́láyọ̀ rí pé kí ló rò sí ohunkóhun. Ohun tó máa ń bi í ni pé ṣé omi wà.

Ìlara ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pè é ní orúkọ mìíràn. Bí ó bá gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ọ́fíìsì, ńṣe ni inú rẹ̀ máa ń ta bí ojú egbò tí omi ọṣẹ dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1988, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ òkè òkun náà. Wọ́n máa gba ẹnì kan fún oṣù mẹ́fà kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹnì kan ṣoṣo. Dókítà ní ogún egungun tí àwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ ló máa fi ẹni tó yẹ hàn òun. Lọ́sẹ̀ náà, Morọ́láyọ̀ ra àpótí ìrìnàjò aláwọ̀ búlúù kan ní ọjà New Benin, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀.

Wọ́n pín iṣẹ́. Morọ́láyọ̀ ni kó fọ egungun, kó sì lẹ àwọn tó kán pọ̀, kí Dókítà lè wọn gígùn wọn. Kíkẹ́lọmọ ló máa wá gé díẹ̀ lára wọn, tí á rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, tí á yọ ohun tí ẹ̀rọ fẹ́. Egungun ẹtu mẹ́fà ló kán. Gọ́ọ̀mù ò sí ní ilé ìkẹ́rùsí, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, sì ti sọ èyí tó wà lọ́jà di ọ̀wọ́n. Morọ́láyọ̀ po ògì díẹ̀ kó ki dáadáa, ó fi lẹ̀ wọ́n, bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń fi lẹ ẹ̀yìn ìwé wọn ní Ìkàrẹ́. Ó dúró digbí. Dókítà ní, "Ẹ ṣeun, Màdáámù," kò sì béèrè ohun tó fi lẹ̀ ẹ́.

Èsì dé ní oṣù kẹjọ. Egungun mẹ́rìnlá ní ewé làwọn jẹ. Ẹtu mẹ́fà ní àwọn jẹ koríko.

Dókítà ju bébà náà sórí tábìlì. "Ẹtu nìyí o, kì í ṣe màlúù." Ó yíjú sí Kíkẹ́lọmọ. "Ṣé kì í ṣe egungun màlúù tó o rà ní New Benin lo lọ̀ mọ́ wọn?"

Lóòótọ́, ọmọ náà ra ẹsẹ̀ màlúù tó wá láti Òkè Ọya, kí wọ́n lè fi wé ti àtijọ́. Ó wo bébà náà pẹ́.

"Ẹ fún mi láyè kí n wò ó, sà."

"Kí lo tún fẹ́ wò? Màdáámù, ẹ lọ wá pásípọ́ọ̀tù yín."

Orin ni Morọ́láyọ̀ ń kọ délé ní Uwasota. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi ń tì í lójú, síbẹ̀ ìtìjú náà kò dín ayọ̀ rẹ̀ kù.

Ní àárọ̀ Sátidé, Olúfẹ́mi ọkọ rẹ̀, akọ̀wé bánkì tó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, jókòó, ó ń fi ògì tí wọ́n mu kù lẹ àpò ìwé. Ó ṣi ọ̀kan lẹ̀, ó gbìyànjú láti ṣí i, kò ṣí. Ó rẹ ẹ́ sómi.

"Àní ògì yìí ò lọ mọ́," ó ní. "Ó ti wọnú bébà lọ. You see am? Àgbàdo lásán."

Ọwọ́ Morọ́láyọ̀ dúró lórí abọ́ tó ń fọ̀. Egungun gbígbẹ, tó ń mu omi bí ilẹ̀ ọ̀ẹ̀rùn. Àgbàdo. Mẹ́fà ló lẹ̀, mẹ́fà ló jẹ koríko. Bó ṣe ń po ògì yẹn, gọ́ọ̀mù ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò rò ó sí oúnjẹ rárá.

Bó bá dákẹ́, òun ló máa lọ. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tilẹ̀ lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó bá Kíkẹ́lọmọ níbi tó ti ń fọ egungun tuntun, nítorí Dókítà ti ní kó tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i bí ó ti máa ń ṣe.

"Kíkẹ́, dìde. Ògì ni mo fi lẹ ẹtu yẹn."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"O mọ̀ báwo?"

"Ọjọ́ tí èsì dé, mo kán áyódìn sára egungun tí ẹ lẹ̀ tó kù nínú agolo. Ó dúdú kíá, bó ṣe ń dúdú lára gààrí àti ògì."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún Dókítà?"

Ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di egungun mú. Mi ò lè lọ dúró níwájú wọn kí n máa ka ẹ̀ṣẹ̀ yín. Mo ní bó bá yé yín, ẹ máa sọ ọ́."

Inú bí Morọ́láyọ̀. Ká ní ọmọ náà bú u, wọn ì bá jọ pín ẹ̀bi náà. Ó ti ń jowú ìwé tí ọmọ yìí kà, ó ń jowú ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè é wọ̀. Ní báyìí ìwà rere ọmọ náà tún ti kún un, èyí sì dùn ún ju gbogbo ìyókù lọ.

Ó lọ bá Dókítà, ó sọ ọ́ tán pátá. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ó dáa. Kí lẹ rò pé ká ṣe, Màdáámù?"

Ọdún mọ́kànlá, òní ló wá béèrè. Ó ní kí wọ́n lo àfọ́kù egungun ẹtu tí ògì ò kàn, ó ṣì wà nínú agolo kẹta. Ó ní Kíkẹ́lọmọ ni kí wọ́n rán lọ. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àpótí.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fa àpótí náà jáde, ó nu eruku rẹ̀, ó gbé e fún ọmọ náà. Kíkẹ́lọmọ kúnlẹ̀, Morọ́láyọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ń gbàdúrà. Kó lọ ire. Kí otútù má pa á. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó ti ní kí Ọlọ́run mú un padà wá síbi iṣẹ́ wọn, ó dúró díẹ̀ kó tó sọ ọ́.