Ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ Nípa Ẹnu Ẹja

Òórùn ẹja tútù ló máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé ní Moniya. Ìyá Àṣàkẹ́, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa, ló máa ń la ẹja kó tó gbé e lọ sọ́jà Ṣáṣá, Àṣàkẹ́ á sì máa ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àwa méjèèjì, kíláàsì kan náà la sì wà. Bàbá tèmi, yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ni nípa ẹja.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ìwé ńlá bàbá mi jáde láti fi ṣe fáàrí. Àwòrán ẹja tó ń gbé àárín òkúta iyùn nínú òkun ló kún inú rẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi. Àṣàkẹ́ ò tiẹ̀ wo àwọ̀ wọn. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó ń fi ìka tọ́ka sí ẹnu wọn.

“Ẹnu eléyìí gùn bí ẹ̀mú, inú ihò ló ti ń fa oúnjẹ yọ. Tèyí le bí ẹnu odídẹrẹ́, òkúta ló ń ha jẹ. Bóyá ìyá kan ló bí gbogbo wọn. Nígbà tí ẹnu yí padà, oúnjẹ yàtọ̀, kálukú bá di irú tirẹ̀.”

“Ibo lo ti kà á?”

“Mi ò kà á. Ṣebí èmi ni mò ń la ẹja.”

Lálẹ́, mo sọ ọ́ fún bàbá mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé òkèlè wọn sílẹ̀. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Èmi ni mo rò ó, sà.”

Ìyá mi máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ọjọ́ kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi. Bàbá mi ní àlejò, wọ́n ní kí n wá tún un sọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni Àṣàkẹ́ gbé ẹja tí a rà wọlé.

Bàbá mi ní, “Àṣàkẹ́, ṣé o gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rò?”

Ó wò mí. “Mo gbọ́, sà.” Ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó jáde.

Kò bá mi wo ìwé mọ́. Nígbà tá a jáde ìwé mẹ́fà, ọjà ló bá ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ́mọ méjì ni bàbá mi ti rán níwèé. Ká ní wọ́n mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ló rò ó ni, ì bá di mẹ́ta.

Èmi náà ń kọ́ni nípa ẹja báyìí. Ọdọọdún ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn bíi tèmi, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó purọ́ níjọ́sí, ìyìn bàbá rẹ̀ ló ń wá. Èmi àgbà ńkọ́? Mo mọ ìsọ̀ Àṣàkẹ́ ní Ṣáṣá. Ọ̀nà ibòmíràn ni mo máa ń gbà.