Orúkọ Tí Wọ́n Bà Jẹ́ Ní Gbọ̀ngàn

Adéróunmú ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jericho, n'Íbàdàn. Ọmọ olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Baṣọ̀run, ẹni tí kì í pariwo. Bàbá rẹ̀ ò fi ilé sílẹ̀ fún un, orúkọ rere ló fi sílẹ̀, ọmọ náà sì ń gbé e bí ẹyin.

Ìyáàfin Ògúnsànyà ló ni ilé ìwòsàn ọ̀hún. Mọ́mì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Àgbà ni, ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á.

Mọ́mì gbọ́ lórí rédíò pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti fáìlì ilé ìwòsàn kan pa lókè òkun, wọ́n ní àfi tí àwọn bá gbowó kí àwọn tó ṣí i. Ló bá ní kí Adéróunmú fi àtúnṣe ààbò, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́pídéètì, sórí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Adéróunmú bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun dúró di ọjọ́ tí èrò ò pọ̀, nítorí ẹ̀rọ ti gbó, bátìrì rẹ̀ sì ti kú. Mọ́mì bi í bóyá ìyá rẹ̀ ló ni ilé ìwòsàn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú gàdàgbà pé kí ẹnikẹ́ni má pa òun. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e. Gbogbo wa n'Íbàdàn la sì mọ àṣà wa: bí iná ìjọba bá ti dé, a ó sáré pa jẹnẹrétọ̀ kí dísù má baà ṣòfò, ká tó yí iná padà. Mọ́mì ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa tiẹ̀. Adéróunmú ti bẹ̀ ẹ́ pé bí iná bá dé, kó fi sílẹ̀. Iná dé, Mọ́mì sáré jáde, ó pa á. Nígbà tí wọ́n fi máa yí iná padà, ẹ̀rọ ò jí mọ́.

Gbọ̀ngàn tí àwọn aláìsàn ti ń dúró kún. Kò sí fáìlì ẹnì kankan, àwọn aláìsàn ń bú òṣìṣẹ́. Mọ́mì jáde, ó nàka sí Adéróunmú lójú gbogbo wọn.

"Ọmọ Yahoo ni ẹ́. Ìwọ lo ti fáìlì mi pa."

Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ tú báàgì rẹ̀. Bíbélì àti búrẹ́dì ni wọ́n bá níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tì í síta. Obìnrin burúkú! Ọwọ́ tó pa jẹnẹrétọ̀ náà ló tún ń nàka.

Ahmed, oníkọ̀ǹpútà láti Dùgbẹ̀, ló wá tún un ṣe. Ó là á yé Mọ́mì pé kò sólè kankan, iná tó já láàárín iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Ni Mọ́mì bá ránṣẹ́ pe Adéróunmú, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kó gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Adéróunmú dọ̀bálẹ̀ kí i ní ọ́fíìsì.

"Ẹ ṣé, mà. Gbọ̀ngàn lẹ ti pè mí lólè. Ẹ jẹ́ ká jọ jáde síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tí Ahmed sọ fún yín."

"Èmi kì í bẹ ọmọdé," Mọ́mì dáhùn.

Adéróunmú jáde sí gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Mọ́mì pe Adéróunmú lólè jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Adéróunmú kí i. Ìyá náà fa báàgì ara rẹ̀ mọ́ àyà.