Kòkó Lórí Pápá Wándé

Wándé Ọláníran ga débi pé tó bá dúró lẹ́bàá ilé, páànù ló máa ń gbá a lórí. Agùntáṣọ́ọ́lò ni wọ́n ń pè é láti kékeré. Ní Abà Ọdán, lójú ọ̀nà Akínyẹlé, ohun tí gíga rẹ̀ wúlò fún kò ju kó bá wọn ká ọsàn, kó bá wọn mú adìyẹ tó bá sùn sórí òrùlé. Àfìgbà tó wọ ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi n'Íbàdàn ní 1957, tí tíṣà òyìnbó kan wò ó tòkè tilẹ̀, tó gbé bọ́ọ̀lù ńlá kan lé e lọ́wọ́, tó nàka sí irin róbótó kan lórí òpó, ó ní kó jù ú síbẹ̀. Wándé jù ú, ó wọlé.

Nígbà tó jáde ìwé, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó gbà á síṣẹ́. Akọ̀wé ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i kó kọ nǹkan kan. Básíkẹ́ẹ̀tì ló ń gbá fún wọn, òun ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sanwó oṣù fún un. Ó bá ọlọ́pàá gbá a, ó bá sójà gbá a, wọ́n gbé e lọ Èkó, wọ́n gbé e dé Kàdúná. Ní 1966 ló fò sókè, tó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, orúnkún òsì yẹ̀. Wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí, kò bọ́ sípò. Ilé-iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un lówó ìdágbére, ó sì tẹ̀pá padà sílé.

Bàbá Sàníù, aládùúgbò wọn, bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe n'Íbàdàn. Wándé ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó.

"Wọ́n ń sanwó fún ẹ pé o ju nǹkan sínú agbọ̀n tí ò nídìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Agbọ̀n tí ò nídìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọlọ́run tóbi," ni Bàbá Sàníù wí, ó wọlé lọ.

Owó ìdágbére yẹn ni Wándé fi ra sìmẹ́ńtì. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí, ọ̀gá ilé ìwé abúlé, fún un nílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Ó tẹ́ sìmẹ́ńtì síbẹ̀, ó dán gbinrin, ó ri òpó kan síhìn-ín, ó ri ọ̀kan sọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí kò rò ni pé kò tíì sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí oòrùn ń pa láàárọ̀ dalẹ́ báyẹn, ní Abà Ọdán rí. Kò pẹ́ tí èlùbọ́ fi débẹ̀. Nígbà tí kòkó wá dé, ó bo pápá láti òpó dé òpó.

Ẹni tó kọ́kọ́ sá tiẹ̀ síbẹ̀ ni Àpèkẹ́, àbúrò bàbá Wándé fúnra rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kékeré.

"Ìyá Kékeré, pápá bọ́ọ̀lù nìyí o."

"Mo rí i, Àlàó," ó fi oríkì Wándé pè é. "O ṣe é dáadáa."

"Ẹ bá mi kó kòkó kúrò."

"Kó gbẹ ná."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ṣé èmi ni mò ń tan oòrùn ni?"

Bó bá gbá a kúrò láàárọ̀, wọ́n á dá a padà lọ́sàn-án. Ó rojọ́ lọ́dọ̀ baálẹ̀. Baálẹ̀ mi orí, ó ní òun á bá wọn sọ ọ́. Ìgbà tí Wándé ń padà lọ ló rí i pé kòkó baálẹ̀ náà wà níbẹ̀, ní ìdí òpó kejì.

Ó sú Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí náà. "Bọ́ọ̀lù ni mo fún ẹ nílẹ̀ fún, Wándé. Ojoojúmọ́, kòkó ni mò ń rí. Àwọn ọmọ ilé ìwé Adégbáyì ń bọ̀ wá bá wa gbá a ní Sátidé. Tí wọn ò bá rí i gbá, a ó hú òpó, kí ilẹ̀ kúkú di ti oníkòkó."

Wándé fi orúnkún burúkú yẹn rìn láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo wọn ní kò sí wàhálà, àwọn á kó o. Ni òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá rọ̀ ní Tọ́sìdeè, ó tún rọ̀ ní Fúráìdeè. Sátidé, oòrùn yọ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Nígbà tí lọ́rì Adégbáyì fi máa dé, kò síbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ lórí pápá. Ọ̀gá ilé ìwé ti wọ kóòtù, ó jókòó, ó ń wo òpó.

"Ìyá Kékeré, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí. Òjò ò ṣèlérí. Tí kòkó yìí bá sùn sínú ilé lónìí, ó bu nìyẹn."

Wándé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú hóró kan, ó fọ́ ọ. Ebu ti ń yọ funfun nínú ẹ̀. Ọdún tó lò nílé-iṣẹ́ kòkó, kò kọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ rí àpò tí wọ́n ń dá padà fún àgbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà kan, ó fi ọ̀pá la kòkó sọ́tùn-ún sósì, ó fa ìlà gbọọrọ sí àárín pápá.

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí apá ọ̀hún. Apá ibí tèmi ni."

Tíṣà Adéyẹmí, tó kó àwọn ọmọ Adégbáyì wá, ní, "Ọ̀gá Wándé, òpó kan? Méjì ni òfin wí."

"Òfin ò tíì dé Abà Ọdán. Ẹ gbá a bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ gun lọ́rì yín."

Wándé yìí kan náà ló máa ń bá rẹfirí jà tẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹnìkan tẹ ìlà.

Wọ́n gbá a sí òpó kan. Ẹgbẹ́ tó bá já bọ́ọ̀lù gbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e dé ìdí ìlà kó tó jù ú. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ kòkó, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Ìyá Kékeré jókòó ti ìlà, igi tó fi ń yí kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wọ kòkó. Ẹ gbé e fún àwọn àlejò."

"Ìyá Kékeré, kò kàn án."

"Ó kàn án. Kòkó mi ni, mo mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ọmọ yín kọ́ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

"Kí ọmọ mi yéé ju bọ́ọ̀lù sí kòkó mi."

Àwọn ọmọ Adégbáyì ló borí, díẹ̀ ló sì kù kí ọ̀rọ̀ Ìyá Kékeré pa Wándé lẹ́kún. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí dìde, ó gbọn kóòtù. "Bọ́ọ̀lù ni mo rí lónìí. A ò hú òpó mọ́."

Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, Wándé tẹ̀pá dé pápá. Kòkó ti ré ìlà kọjá, ó ti wọ apá tirẹ̀ tó gígùn ẹsẹ̀ kan.

"Afẹ́fẹ́ ni o, Àlàó," ni Ìyá Kékeré wí láti ọ̀ọ́kán.

"Afẹ́fẹ́ tó lọ́wọ́ ni, mà," ni Wándé wí, ó sì ń fi ọ̀pá tì í padà.