Ọmọrí Abọ́ Nọ́ńbà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta gbáko ni Evasio Garrone fi ń yangàn ní ìlú Grugliasco pé òun ò fọ́ páànù kankan rí láyé òun. Panẹ́bítà ni. Kì í ṣe irú èyí tó ń tún ibi tí ọkọ̀ ti kọlu ògiri ṣe o. Àwọn tiwọn ló ń fi òòlù lu páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ títí yóò fi di odindi ọkọ̀. Ẹni tí ìyangàn yìí ń ká lára jù ni Secondo Vigliani, ọ̀rẹ́ rẹ̀, panẹ́bítà bíi tirẹ̀. Secondo fọ́ páànù kan lọ́dún 1965 lójú gbogbo ènìyàn, Evasio ò sì jẹ́ kó gbàgbé.

"Secondo, rọra o, má fọ́ ife yẹn," ni yóò máa wí, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti nawọ́ sí wáìnì.

Ilé-iṣẹ́ Bertassone ni àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ nígbà èwe wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Averla, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì fún ìrìn-àjò jíjìn, onímú gígùn, tí ìdí rẹ̀ gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé wàràkàṣì. Méje péré ni. Evasio ló ń lu ẹ̀gbẹ́ òsì, Secondo ń lu ọ̀tún. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, omi ya wọ yàrá tí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ wà, ó sì bà wọ́n jẹ́ pátápátá.

Ìkarùn-ún nínú méje náà rí ayé. Oníṣègùn eyín kan ní Biella ló kọ́kọ́ rà á, tó fi ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí etíkun. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kùn ún ní funfun, ìwà ọ̀daràn gbáà. Lẹ́yìn ìyẹn ló bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Asti, tó kó koríko gbígbẹ lé e lórí, tí adìẹ sì fi ogún ọdún yé sínú rẹ̀. Inú koríko yẹn ni Ìyáàfin Ludovica Prato ti yọ ọ́. Ó fi ọdún mẹ́fà tún un ṣe, ó sì dá a padà sí àwọ̀ ewé tí wọ́n bí i mọ́.

Nígbà tó ń gbé e lọ síbi ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ létí adágún, ó ní àwọn tó ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Evasio àti Secondo ṣe wọ kóòtù. Delfina, ìyàwó Evasio, gbé oúnjẹ dání, nítorí kò fọkàn tán ohun tí wọ́n bá sè níbi tí olówó pọ̀ sí. Inú abọ́ alumíníọ̀mù tí ọkọ rẹ̀ fi ń gbé oúnjẹ lọ sẹ́nu iṣẹ́ láyé ijọ́un ló kó ẹyin díndín àti ata sí. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lára abọ́ náà, tí wọ́n fi irin tẹ̀, nítorí inú àgbá omi gbígbóná kan ṣoṣo ni oúnjẹ gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń gbóná, kò sì yẹ kí ẹnì kan jẹ ti ẹnìkejì. Àwo ló fi bo abọ́ náà, ó fi aṣọ dì í.

"Ká ní o ò sọ ọmọrí rẹ̀ nù sínú ọkọ̀ ojú irin," ni Delfina wí, bó ti máa ń wí.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Evasio wí.

Ẹnjiníà Morra, olórí àwọn adájọ́, fi okùn wọn ọkọ̀ náà lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ó tún un wọ̀n. Ojú rẹ̀ ò túká.

"Ìyáàfin, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò dọ́gba. Ẹnì kan sì wà ní Jámánì tó ní tòun ni ìkarùn-ún gidi. Bí a ò bá rí ẹ̀rí kó tó di ọ̀sán, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayédèrú ni."

Evasio ló fò dìde.

"Ọwọ́ méjì ló lù ú! Ta ni yóò dọ́gba? Èyí tó bá dọ́gba ni kí ẹ fura sí."

"Mo gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀ náà mọ ìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ni mo ń wá."

Ohun náà wà. Evasio nìkan ló mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ ayé. Ó wo Secondo tó dúró tì í, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í títí dé etí. Ó wo ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá pè é ní ayédèrú, a jẹ́ pé ọdún tó dára jù láyé òun, ẹlòmíràn ló ni ín. Inú bí i.

"Ẹ tú táyà òsì iwájú," ló wí. "Ẹ ha ọ̀dà dúdú tó wà nínú lọ́hùn-ún, ìka mẹ́ta sẹ́yìn iná. Páànù yẹn ya mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí ló ya?" Secondo yí padà pẹ̀lú gbogbo ara.

"Ó ya! Alumíníọ̀mù tí a bá ń lù máa ń le. O ní láti fi ọṣẹ pa á, kí o fi iná sí i títí ọṣẹ á fi dúdú, kó lè tún rọ̀. Sátidé ni, ìdíje bọ́ọ̀lù onírin tí a ń yí nílẹ̀ ń dúró dè wá, mo sì fo ti ọṣẹ. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí páànù tuntun wà sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo wá gé ohun tó wà lọ́wọ́ mi, mo fi lẹ̀ ẹ́, mo jó o pọ̀."

Wọ́n tú táyà. Morra fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí koríko nínú kóòtù aláràbarà rẹ̀, ó fi pátákó tínrín ha ọ̀dà náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Nọ́ńbà kan wà lára àlẹ̀mọ́ yìí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Delfina wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú aṣọ, ó sì gbé e sókè lójú gbogbo wọn. Morra jáde pẹ̀lú ọ̀dà ní iwájú orí, ó wo abọ́, ó wo Evasio, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Gbogbo pápá náà gbà á. Ludovica dì mọ́ ọkùnrin arúgbó náà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Secondo ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Evasio, o ò lójútì!"

"Fọ́ ife tó bá wù ọ́ láti òní lọ," ni Evasio wí. Omijé wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Averla ìkarùn-ún ló gba ife ẹ̀yẹ, Ludovica sì gbé ife náà lé Evasio lọ́wọ́. Delfina ò tilẹ̀ wò ó.

"Ọkọ̀ ojú irin, àbí? Ọmọrí mi dà, Evasio?"

"Òun nìyẹn."

Delfina rìn lọ síbi ọkọ̀ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ láti ibi iná títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó dára. Jẹ́ kó wà níbẹ̀," ló wí. "Ẹ wá jẹun, kó má baà tutù."