Nọ́ọ̀sì Adìẹ Márùn-ún

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbáko ni màmá kan fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọ̀sẹ̀ kìíní dùn bí oyin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fọ gbogbo aṣọ fèrèsé ilé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

"Nọ́ọ̀sì," ni ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ onígbàjámọ̀, wí lọ́jọ́ kan, "ara mi le koko. Jọ̀ọ́, wá aláìsàn mìíràn."

Bí ọ̀rọ̀ adìẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà tó múlé tì wọ́n kan ilé adìẹ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin kí omi òjò má baà wọ̀ ọ́, ó ta wáyà yí i ká, ó sì kan àpótí méjì sí igun kan tí wọn yóò máa yé sí. Màmá ra adìẹ pupa márùn-ún tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé.

Láràárọ̀, kó tó mu tíì, yóò ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, yóò lọ yẹ àwọn aláìsàn rẹ̀ wò. Ó ń wo ogbe orí wọn bóyá ó pọ́n dáadáa. Ó ń wo ìgbẹ́ wọn bóyá ó ki tàbí ó ṣàn. Ó so ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń kọ ohun tó bá rí sínú rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀dì kìíní, ó jẹun dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ó ń bínú."

Ẹni bẹ́ẹ̀dì kìíní ni ààyò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń gún un lẹ́sẹ̀, màmá sì sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Òun náà ló kọ́kọ́ yé. Ẹyin ọ̀hún kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, ṣùgbọ́n igbe tí màmá fi bọnu mú kí ọkọ rẹ̀ sáré jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lórí.

"O kú ewu o!" ni màmá ń kí adìẹ. "O kú ewu ọmọ!"

"Ta ni bàbá ọmọ?" ni ọkọ rẹ̀ bèèrè.

Láìpẹ́, ẹyin mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, ni wọ́n ń rí lóòjọ́. Àfi bó ṣe di mẹ́ta. Ó di méjì. Màmá yóò gbọ́ tí adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ń ké kẹkẹkẹ, yóò sáré débẹ̀, kò ní bá nǹkan kan nínú àpótí ju lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tó tutù rin, lọ. Ó fura sí ejò. Ó fura sí òkété. Nígbà tó yá, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kì í mú ẹyin láìsọ fún mi, àbí?"

"Ní tútù? Ṣé ejò ni mí ni?"

Ọmọbìnrin wọn tó wà lókèèrè gbọ́, ó fi kámẹ́rà kékeré kan ránṣẹ́, èyí tí èèyàn lè máa wò lórí fóònù. Káfíńtà bá wọn kàn án mọ́ òkè àpótí. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni màmá wí. Ó gbé àga síta, ó ti jígí bojú, ó gbájú mọ́ fóònù. Lọ́jọ́ kìíní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ́ kó rí ju ìyẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, adìẹ kan yé, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá yọ́ wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ọmọ tó fẹ́ mú ẹran níkòkò. Ó sọ ẹyin náà, kò! Ó mu ún tán, ó jẹ èèpo lé e, ó sì nu ẹnu mọ́ pákó.

Jígí bọ́ lójú màmá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà!

Lọ́jọ́ náà, káfíńtà ò tiẹ̀ jókòó kó tó dájọ́. "Màámi, adìẹ tó bá ti tọ́ ẹyin wò kì í jáwọ́. Ọbẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀," ni ọkọ màmá fèsì.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ni màmá wí. "Mi ò lé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rí. Mi ò ní tìtorí adìẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé láti ọjọ́ tóun ti ń já búrẹ́dì fún wọn lọ́wọ́ ọ̀sán, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ oúnjẹ gidi mọ́, èèpo ẹyin sì ti fẹ́lẹ́. Ọ̀kan ti fọ́ mọ́ òun gan-an lọ́wọ́. Ó ní láti jẹ́ irú èyí ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ tọ́ wò. Ojú ti màmá. Àkẹ́bàjẹ́ tó máa ń bá àwọn ìyá ọmọ wí sí, òun náà ti ṣe é.

Ó dáwọ́ búrẹ́dì dúró. Ó gbé ìkarahun lílọ̀ sí abọ́ kan fún wọn kí èèpo ẹyin lè le. Ó gé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ àtijọ́, ó fi ṣe aṣọ ìkélé síwájú àpótí, kí inú ibẹ̀ lè ṣókùnkùn díẹ̀. Káfíńtà náà fi igi gbẹ́ ẹyin mẹ́ta, ó fi pépà oníyanrìn fá wọn, ó kùn wọ́n láwọ̀ ẹyin, ó sì kó wọn sínú àpótí.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rọ̀gbà yí fóònù ká lọ́jọ́ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ pàdé ẹyin igi. Ó sọ ọ́, kò! Ó gbórí sókè. Ó tún un ṣe, kò, kò! Ó fi ojú kan wò ó, ó fi èkejì wò ó, bí ẹni tó fi eyín pàdé òkúta nínú ẹ̀wà. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí àga.

Òun náà di ẹni ẹ̀rín lọ́jọ́ Sátidé. Ó bọ ẹyin fún oúnjẹ àárọ̀, ó bó méjì, ẹ̀kẹta kọ̀. Ó gbá a mọ́ tábìlì, ó gbá a mọ́ ògiri.

"Nọ́ọ̀sì! Ẹyin yìí ti gan!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà lẹ bọ̀ yẹn."

Ìwòsàn náà ò yá. Lọ́jọ́ kejìlá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún fọ́ ẹyin gidi kan jẹ. Màmá ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Bẹ́ẹ̀dì kìíní, àìsàn padà díẹ̀," ó sì tún aṣọ ìkélé so. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹyin ti pé márùn-ún.

Ọkọ rẹ̀ wá ní kí wọ́n bá òun fi kámẹ́rà ọ̀hún sórí fóònù tòun náà. Ó gbé e ti dígí ní ṣọ́ọ̀bù ìgbàjámọ̀ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì gbàgbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí màmá ṣe ń sá aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún.

"Nọ́ọ̀sì, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ o!" Ariwo àwọn ọkùnrin kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Mo mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìbímọ kì í ṣe ti ariwo."

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lóòótọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn hó yèè, ohùn ẹnì kan sì ga ju ti ìyókù lọ:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fá apá kejì orí mi tán!"