Ọkùnrin Tó Dúró De Ẹlẹ́rìí Kejì

Àwọn aládùúgbò a máa sọ pé oòrùn ni bàbá yìí ń wò jẹun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sátẹ́láìtì méjì ló ń wo oòrùn láti òkè, tọ̀sán-tòru. Òun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ó ń wo ìlà tí wọ́n ń fà. Bí oòrùn bá tú àwọn èérún rẹ̀ tí ojú kò lè rí dànù lọ́pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ìjì oòrùn, ìlà náà a gòkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pe àwọn tó ń darí bàálù, kí èyí tó bá ń gba ìpẹ̀kun àríwá ayé kọjá sọ̀ kalẹ̀ kíá, nítorí ìtànṣán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Ọdún méjìlélógún ló ti wà nídìí rẹ̀.

Ní ọdún kẹtàlá, ó pè, ìjì oòrùn kò dé. Ẹ̀rọ ló ṣìṣe, ṣùgbọ́n bàálù mẹ́ta ti yí padà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìjì-Ń-Bọ̀. Ọ̀gá wọn obìnrin a máa bi í níwájú àlejò bóyá kí àwọn mú agboòrùn dání. Òfin tuntun sì jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè àfi bí sátẹ́láìtì méjèèjì bá jẹ́rìí. Ẹ jẹ́ ká ka òfin náà tán, nítorí ààbọ̀ òfin kì í ṣe òfin: bí ìkejì kò bá lè sọ̀rọ̀, kí olùṣọ́ lo òye ara rẹ̀. Ó mọ gbólóhùn yìí sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ń tọ́jú èrò nínú bàálù. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pe bàbá rẹ̀ pé òun ń lọ sí àríwá, pé lẹ́yìn èyí wọn yóò fún òun níṣẹ́ orí ilẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá mi fojú sí i o. Èèyàn méjì ni mo jẹ́ báyìí."

"Fọkàn balẹ̀. Ojú mi kì í kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà kìíní gòkè, kò sì sọ̀. Sátẹ́láìtì kejì ti dákẹ́. Wọ́n ń yí i sípò, yóò sì tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó lajú. Bàbá nawọ́ sí fóònù. Akọ̀wé tó wà ní tábìlì kejì rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìjì-Ń-Bọ̀, àbí ọmọ yín ló wà lókè lónìí?"

Ó gbọ́wọ́ kúrò. Kì í ṣe pé ó ń ṣiyèméjì. Ìlà náà dá a lójú bí ojú ara rẹ̀. Ohun tí wọn yóò sọ ló ń bà á lẹ́rù, pé ó da ọ̀nà bàálù rú nítorí ọmọ ara rẹ̀. Ó mu omi. Ó nu ojú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago mẹ́ta lù, ìkejì jẹ́rìí, ó sì pè.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá yìn ín níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní, "Ẹ wo àgbà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó tẹrí ba.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ bàálù ni láti kọ̀wé béèrè ìgbà tí wọ́n rí ìjì àti ìgbà tí wọ́n pè. Ìwé ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ kẹta, bàbá fúnra rẹ̀ ló sì yẹ kó fèsì. Ó kọ àkókò méjèèjì bó ti yẹ, ó fọwọ́ sí i. Ọmọ pè lórí fóònù.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń dúró de ìkejì ni, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní, bí wọ́n ṣe ń dá èrò ọkọ̀ lóhùn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Dókítà sọ pé kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí oyún náà gbà sára. Nígbà tí ọmọbìnrin náà bí, ìyá rẹ̀ lọ bá a wẹ ọmọ, kò sì padà wálé. Bàbá pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó bi í bóyá ara ọmọ le, bóyá akọ ni tàbí abo.

Ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ̀wé béèrè.

Ó kọ ọ́. Títí di òní, èsì kò dé.