Ògiri Amọ̀ Tí Olúgbénró Dí Nímú

Orúnkún Olúgbénró ló máa ń kọ́kọ́ jí kí òun fúnra rẹ̀ tó jí. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, síbẹ̀ ẹnu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Oregun ló ń jókòó sí, tó ń ṣí i fún ọkọ̀ ńlá, tó ń tì í, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Bíríkìlà ni kó tó di aṣọ́géètì. Kó tó di bíríkìlà, ọmọ ọ̀mọlé ni, ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ tẹ amọ̀, tó sì fi ọwọ́ mọ ilé mẹ́tàlélógún kó tó kú. Kì í sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni l'Ékòó. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹrẹ̀ ni bàbá ẹni fi ń jẹun?

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Fẹ́búárì, bó ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ó yà sọ́dọ̀ Fàúsát ní Ifako-Ijaiye. Obìnrin náà ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpè kẹta sì ti ní omijé nínú. Opó ni Fàúsát, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó fi ọdún mẹ́rin ju Olúgbénró lọ. Òun nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá mẹ́rin tí bàbá ọkọ rẹ̀ fi amọ̀ mọ nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko obì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti yí i ká báyìí, wọ́n ń wò ó láti òkè bí ìgbà tí àgbà ń wo ọmọdé tó bá wọn jókòó. Sàréè Nùréènì, ọkọ rẹ̀, wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Láràárọ̀ tó bá ti kírun tán, ó máa ń kí i kó tó gbálẹ̀.

"Bàbá Olúwaníyì, ẹ kú àtijọ́," ó ní. "Ẹ wá wò ó. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe mí."

Ògiri yàrá rẹ̀, èyí tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Bẹ́ẹ̀dì obìnrin náà fara ti ògiri ọ̀hún gan-an.

"Ẹ bá mi fi sìmẹ́ǹtì bò ó," ó ní. "Kẹ́ ẹ sì kùn ún. Abdulmumin ń bọ̀ ní Sátidé. Tó bá rí i báyìí, ó parí nìyẹn. Á wó ilé yìí, á kó mi lọ sí fúláàtì rẹ̀ l'Ábúlé Ẹ̀gbá, lókè kẹta. Ta lá máa kí bàbá rẹ̀ láràárọ̀?"

Abdulmumin ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Ikeja. Ọmọ dáadáa ni. Irú àwọn ọmọ dáadáa yìí náà ló máa ń ṣòroó bá jiyàn.

Olúgbénró fi ìka kan ògiri náà. Ó dún gbọ̀ngbọ̀n, bíi pé kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ ìṣó nínú àpò rẹ̀, nítorí bíríkìlà kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó fi ìṣó sílẹ̀, ó sì họ ibì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Sìmẹ́ǹtì náà bọ́ ní odindi. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, àtàǹpàkò náà sì wọlé dé oríkèé. Inú ẹ̀rùn gan-an ni wọ́n wà o. Òjò kankan ò tíì rọ̀ láti oṣù kọkànlá.

Ó wo apá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, níbi tó mọ̀ pé òun máa rí ohun tóun ń wá. Ó ṣì wà níbẹ̀, nínú sìmẹ́ǹtì, bó ṣe fi ìṣó kọ ọ́ nígbà tó ṣì tutù: O.G. 1992.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá gbà nìyẹn, láti fi sìmẹ́ǹtì bo ara ilé amọ̀ náà, tí kò sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀. Ó ti mú àwọn ará ilé wá wò ó láti Èkìtì. Ó ti fi han Olúwaníyì ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà ní pámárì, tó ní, "Wò ó, bàbá ẹ ló sọ ilé yìí di ilé." Fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò kọjá níbẹ̀ kó má yíjú wò ó. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn gan-an ni.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé Ìyá Àgbà, ìyá Nùréènì, wà láyé lọ́dún náà. Ìyá yẹn ló máa ń rẹ́ ara ilé náà fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún bí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Á po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, á fi ọwọ́ lásán rẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nígbà tí Olúgbénró kó báàgì sìmẹ́ǹtì dé, ìyá náà dúró tì í, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ọmọ mi," ìyá ní, "ibo ni ògiri yẹn á wá máa gbà mí?"

Olúgbénró rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ayé ti là o. Ẹ lọ jókòó." Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀! Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn ún. Ká ní kò mọ̀ ni, a ò bá ní àìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé amọ̀ a máa mu omi láti ilẹ̀, ara ògiri ló sì fi ń mí i jáde. Ẹni tó bá dí i nímú, ó ti pa á. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé bó bá sọ ọ́ níwájú àwọn bíríkìlà Agege lọ́jọ́ náà, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ ẹlẹ́rẹ̀ ni. Ojú tì í, ó bá po sìmẹ́ǹtì.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ògiri tó bá lanu, èèyàn á rí i, á tún un ṣe. Èyí tí wọ́n dí lẹ́nu ló ń jẹrà sínú.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ ronú sí i," ó wí fún Fàúsát, ó sì lọ sílé.

Oyinadé ìyàwó rẹ̀ ò rí ohun tó fẹ́ rò níbẹ̀. "Báàgì sìmẹ́ǹtì méjì," ó ní. "Fi bò ó fún obìnrin náà, kó o wá sinmi. Ta ló máa mọ̀? Ṣé ìwọ náà ò rí bó ṣe rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tó jókòó sẹ́nu géètì, ó ti pinnu pé òun máa bò ó. Ọjọ́ kan ni, ó parí. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ṣí géètì fún ọkọ̀, bẹ́ẹ̀dì tó fara ti ògiri ló ń rí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó gba ọjọ́ mẹ́wàá nínú ìsinmi ọdún rẹ̀. Ní Túsìdeè, ó kó hámà àti igi mẹ́rin sínú kẹ̀kẹ́, ó gbọ̀nà Ifako.

Fàúsát rí hámà, kò rí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ gbàgbé rẹ̀ ni?"

"Ìyá Abdulmumin, mi ò gbàgbé. Èmi ni mo ba ilé yín jẹ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó sọ ti bàbá rẹ̀, ó sọ ti sìmẹ́ǹtì, ó sọ ti ẹ̀rín tó rín.

"Ìyá ọkọ mi sọ ọ́," Fàúsát ní. "Títí wọ́n fi kú, wọ́n ń sọ ọ́. A ní ọjọ́ ogbó ni." Ohùn rẹ̀ wá gòkè. "Ẹ̀yin mọ̀! Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ ń kọjá níbí, ẹ ń kí mi, ẹ ń mu omi ilé mi, ẹ sì mọ̀!"

"Ẹ má bínú sí mi."

"Mo máa bínú, jàre. Ẹ jẹ́ kí n bínú mi."

Ó jẹ́ kó bínú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Fàúsát ní, "Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?" Olúgbénró ní kí àwọn kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí pálọ̀, lónìí yìí, kóun tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, òun á ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì ara ilé náà kúrò, kí oòrùn lè rí amọ̀ kí òjò tó dé.

"Gbogbo Ifako á máa wo amọ̀ ilé mi ní ìhòòhò?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó, Mà."

Àwọn arúgbó méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Olúgbénró fi igi mẹ́rin gbé òrùlé ró. Ó wá ń fi hámà ṣí sìmẹ́ǹtì, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, títí di Fúráídeè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké. Láti ojú fèrèsé òkè, àwọn ayálégbé ń bi ara wọn bóyá ìyá yìí ti ta ilé ni. Ìyókù ń bọ́ wẹ́wẹ́, àmọ́ èyí tó wà lápá ẹnu ọ̀nà, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, odindi ló bọ́. Ó gbé e jù sórí ìyókù.

Ní Sátidé, Abdulmumin dé. Ó rí òkìtì sìmẹ́ǹtì, ó rí ògiri pupa tó dúró láìlẹ́wù láàárín àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó bá dúró sẹ́yìnkùlé.

"Mọ́mì, kí lèyí? Ẹ̀yin ti sọ ilé Dádì di ahéré oko. Ta ló ṣe irú nǹkan báyìí?"

"Èmi ni," Olúgbénró ní, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ń mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bàbá, mo gbọ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òtítọ́. Àmọ́ òtítọ́ yẹn ló ní ká wó o. Ní Mọ́ńdè, màá pe àwọn oní katapílà."

Fàúsát ṣí ẹnu láti dáhùn. Kò tíì sọ ọ́ tí ògiri tó wú náà fi jókòó. Kò dún bí ohun tó wó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kàn rọ̀, òkè rẹ̀ sì tẹ̀lé e wọ inú yàrá, pẹ̀lú ìró kan báyìí bí ìgbà téèyàn bá sọ àpò gààrí kalẹ̀. Òrùlé mì lórí igi mẹ́rin, ó sì dúró.

Abdulmumin ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó wo inú yàrá láti ìta. Eruku tó lélẹ̀ ti fi ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún hàn, méjì lápá ọ̀hún. Méjì yòókù wà lábẹ́ amọ̀ tó ga dé orúnkún, níbi tí orí ìyá rẹ̀ ti máa ń wà.

"Nígbà wo lẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò?" ó bi wọ́n.

"Túsìdeè," Fàúsát ní.

Ọkùnrin náà lọ jókòó sí etí sàréè bàbá rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kò sẹ́ni tó ní kó má sunkún.

Olúgbénró ní tirẹ̀ ń lọ káàkiri ògiri mẹ́ta yòókù, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Oòrùn ọjọ́ mẹ́rin ti wọ̀ wọ́n lára. Àtàǹpàkò ò wọlé mọ́. Ó padà wá. Ó ní ọ̀kan ló kú, mẹ́ta wà láàyè. Èyí tó wó náà kò ṣòfò: sìmẹ́ǹtì tó bá ti fọ́ ti di ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n amọ̀ tó wó, èèyàn á da omi sí i, á tún fi í mọ ilé. Ìpele kan, ìsinmi ọjọ́ mélòó kan kó gbẹ, ìpele míì. Ó máa parí kí òjò tó le.

"Ta ló máa tẹ̀ ẹ́?" Abdulmumin bi í, ó ń nu ojú.

Olúgbénró wo orúnkún rẹ̀. Ogún ọdún ló jẹ́ nígbà tó fi Ìkọ̀lé sílẹ̀, tó búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní wọ ẹrẹ̀ mọ́ láyé. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè. Fàúsát ń da omi, ó sì ń tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó di igi àgbálùmọ̀ mú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ yọ̀. Nígbà tí Abdulmumin rí i pé kò ní lè ṣe é dé ìdajì, òun náà bọ́ bàtà. Kò tún dárúkọ katapílà mọ́.

Ìpele àkọ́kọ́ dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò ga ju orúnkún lọ. Abdulmumin ṣa ìṣó kan nílẹ̀, ó fi fún un.

"Bàbá, ó ṣì tutù. Ẹ ò ní kọ orúkọ àti ọdún sí i?"

Olúgbénró gba ìṣó náà, ó wò ó, ó sì jù ú sórí òkìtì sìmẹ́ǹtì. Ó ní bàbá òun mọ ilé mẹ́tàlélógún, kò kọ orúkọ sí ìkankan. Ó wá kọjú sí Fàúsát, tó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Abdulmumin," ó ní. "Ẹ má tíì fọwọ́. Báwo ni Ìyá Àgbà ṣe máa ń rẹ́ ẹ?"

Fàúsát kúnlẹ̀ síwájú ògiri, ó ki ọwọ́ bọ amọ̀, ó sì fà á lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Báyìí ni," ó ní. "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ le." Olúgbénró kúnlẹ̀ tì í, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó sì ṣe bí obìnrin náà ṣe ṣe é.